Igi Alága Tí Kò Kú

Nígbà tí ọkọ Aránṣọ ṣì wà láyé, èèyàn mẹ́rìnlá ló wà nínú Ẹgbẹ́ Olùfẹ́ Igbó. Wọ́n ní alága, igbákejì alága, akọ̀wé, igbákejì akọ̀wé, olóòtú ètò, agbẹnusọ, àti olùbádámọ̀ràn mẹ́fà. Àwọn méjì tó ṣẹ́kù tí wọn ò ní oyè kankan ni Aránṣọ àti ọkọ rẹ̀, ẹni tó fi ogójì ọdún pín lẹ́tà kó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn méjèèjì yìí náà ló ń gbálẹ̀ ojú ọ̀nà igbó, tí wọ́n ń ṣa ọ̀rá, tí wọ́n ń tún àga onípákó ibẹ̀ kàn. Igbó ọ̀hún, igbó gbogbo ìlú ni, ẹni tó bá wù ló lè wọ̀ ọ́ láti rìn tàbí láti jókòó síbòji. Àwọn olóyè ẹgbẹ́ ní tiwọn ń tọ́jú ìpàdé.

Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń ṣe Ọjọ́ Igi. Ọ̀gá kan á ti ilé iṣẹ́ ìjọba wá, ayàwòrán á dé, Alága á sì gbin igi kan sí ẹnu ọ̀nà igbó, níbi tí mọ́tò lè dé tí ẹrẹ̀ ò ní ba bàtà jẹ́. Wọ́n á pàtẹ́wọ́, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ń bomi rin igi náà, kó tó oṣù méjì ó ti gbẹ. Gbígbẹ rẹ̀ ò sì da ẹnikẹ́ni láàmú, torí ihò kan náà ni wọ́n ń lò. Bọ́dún bá yí po, wọ́n á fa òkú ti èṣí yọ, wọ́n á ki tuntun bọ̀ ọ́. Pátákó tó wà níbẹ̀ kì í yí padà: IGI YÌÍ NI ALÁGA GBÌN. Ọdún tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń tún kùn. Igi méje ló ti kú sínú ihò yẹn, kò sì sẹ́ni tó bá wọn dárò.

Ìkẹjọ ni wọ́n gbìn léṣìí. Ọkọ Aránṣọ ló gbẹ́ ihò, òun ló gbé igi sí i, òun ló fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀. Alága bu yẹ̀pẹ̀ ṣọ́bìrì kan, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Oṣù kan lẹ́yìn náà ni bàbá onílẹ́tà dágbére fáyé, láìṣàìsàn.

Aránṣọ sunkún títí ojú rẹ̀ fi gbẹ. Orúnkún ń dùn ún, dókítà sì ní kó máa rìn láràárọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé ẹnu ọ̀nà igbó, ó bá igi kékeré náà tí ewé rẹ̀ ti ń rọ. Ó dúró wò ó. Iṣẹ́ tí ọwọ́ ọkọ òun ṣe kẹ́yìn nìyí, òun ò sì ní jẹ́ kó bá a lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan dání tó bá ti ń lọ rìn. Nígbà tí ọdún fi máa pé, igi náà ti ga dé àyà rẹ̀.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí Ọjọ́ Igi pé, ẹgbẹ́ jókòó ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé, lábẹ́ fáànù tó ń yí tí kò fẹ́ atẹ́gùn. Akọ̀wé, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ló dìde.

"Mo lọ yẹ ihò wa wò lánàá," ó ní. "Ọ̀rọ̀ ńlá wà ńlẹ̀ o. Igi èṣí ò kú."

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Kò kú bíi ti báwo?" Alága bi í.

"Ó ń yọ ewé, sà."

Olùbádámọ̀ràn kan béèrè pé ta ló fún igi náà láṣẹ. Òmíràn ní kí wọ́n gbin tuntun síbòmíì, ni olóòtú ètò bá rán an létí pé ibòmíì ò gba tẹ́ǹtì. Ẹnì kan ní tí wọ́n bá gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ńkọ́, agbẹnusọ ní "igi yìí" ni pátákó wí, tí wọ́n bá wá di méjì, èwo ni kí àlejò gbà pé Alága gbìn? Ọ̀rọ̀ náà ta kókó. Níkẹyìn, igbákejì alága dábàá pé kí wọ́n hú igi náà, kí ihò lè ṣófo fún ayẹyẹ ìgbin-igi. Ẹni mẹ́rin ló sáré kín in lẹ́yìn.

Aránṣọ dìde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sọ̀rọ̀ nípàdé.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "wọ́n ní bá a bá ń gé igi nígbó, ká máa fọ̀rọ̀ ro ara wa wò."

"Òwe yẹn dáa gan-an, ìyàwó wa," Alága, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀, dá a lóhùn. "Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó yá, ta ló máa hú u?"

Kíá, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dun ẹnì kan, ẹnì kan rántí pé òun ń retí àlejò, àwọn tó kù ń wo èékánná wọn. Aránṣọ wo ojú wọn yí ká. Ó nawọ́ sókè.

"Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi," ó ní.

Inú wọn dùn débi pé wọ́n tún gbé aṣọ rírán lé e lọ́wọ́, ìyẹn aṣọ tí wọ́n fi ń bo ojú ihò títí Alága á fi ṣí i. Kí ni wọ́n ń bò lára ihò? Èmi náà ò mọ̀, àmọ́ ètò ò lè pé láìsí aṣọ ṣíṣí.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ayẹyẹ, ó gbé ọkọ́ lọ síbẹ̀, ó ro ìdí igi náà mọ́ féfé, ó sì bomi rin ín. Bó ṣe délé ni Akọ̀wé pè é lórí fóònù.

"Ṣé ẹ ti ṣiṣẹ́ yẹn, mà?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé ni," Aránṣọ ní, irọ́ kọ́ ló pa. Lẹ́yìn náà ló padà lọ ta aṣọ yí igi náà ká lórí òpó mẹ́rin. Ó ti rán an ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ọjọ́ pé. Ọ̀gá láti ilé iṣẹ́ ìjọba jókòó sábẹ́ tẹ́ǹtì, ó ń fi ìwé ètò fẹ́ra. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n tún sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti sọ. Alága gbé igi tuntun lọ́wọ́ òsì, ó fi ọwọ́ ọ̀tún fa aṣọ. Aṣọ bọ́. Igi dúró síbẹ̀, ewé rẹ̀ ń dán.

Alága yíjú sí Aránṣọ, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyàwó wa, ṣebí ìpàdé ní kẹ́ ẹ hú u?"

"Ìpàdé ní kí n hú u. Ìpàdé ò dá ọjọ́. Ẹ wò ó nínú ìwé."

Akọ̀wé ṣí ìwé lóòótọ́. Kò sí ọjọ́ níbẹ̀.

Ọ̀gá àlejò náà ti dìde kí wọ́n tó mọ̀. Ó fọwọ́ kan ewé kan, ó tún fọwọ́ kan òmíràn.

"Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń lọ síbi irú ètò báyìí," ó ní. "Mi ò tíì rí èyí tó dàgbà rí. Alága, ẹ̀yin lẹ gbìn ín?"

"Pátákó ò purọ́, sà."

"Ta wá ló ń bomi rin ín?"

Ọ̀rọ̀ ti dé ètè Aránṣọ. Ó fẹ́ dárúkọ ọkọ rẹ̀.

"Ìgbìmọ̀ Abomirin ni, sà," ni Alága wí, bẹ́ẹ̀ kò tíì sí ìgbìmọ̀ kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àlejò gbóríyìn fún Ìgbìmọ̀ Abomirin. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan igi náà, pé òun á máa wá wò ó lọ́dọọdún. Inú bí Aránṣọ. Inú rẹ̀ sì tún dùn, torí igi ò kú mọ́. Ó yàn láti dákẹ́ nítorí èkejì.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, wọ́n yan ẹni mẹ́sàn-án sí Ìgbìmọ̀ Abomirin. Aránṣọ nawọ́.

"Ẹ má bínú, mà, ipò ti kún," Akọ̀wé ní. "Àmọ́ ẹ lè bá wọn rán aṣọ wọn."

"Ìgbà wo ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í bomi?"

"Tá a bá ti fi wọ́n jẹ tán. Ìparí oṣù tó ń bọ̀."

Aránṣọ fa okùn ìwọ̀n yọ, ó wọn ẹni mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ó rán aṣọ wọn, ó sì rán an dáadáa. Lọ́jọ́ tí wọ́n wọ̀ ọ́ lọ sípàdé àkọ́kọ́ wọn, òun gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sẹ́nu ọ̀nà igbó. Atẹ́gùn ń fẹ́ igi náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó bomi sí i, ó wá fa àjákù aṣọ ìgbìmọ̀ tó ṣẹ́kù yọ nínú àpò, ó fi so igi mọ́ ọ̀pá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó má baà dá.

Nínú gbogbo ẹni tí aṣọ Ìgbìmọ̀ Abomirin wà lọ́rùn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, igi yẹn nìkan ló wà níbi iṣẹ́.