Ìbúra Aṣojú Faransé

Ìgbà tí aṣojú Faransé gbọ́wọ́ lé àyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í búra ni Caleb Yarnall mọ̀ pé irọ́ ló fẹ́ pa.

"Mo fi ẹ̀jẹ̀ baba mi búra!" ni Delorge ń ké. "Ta ló lè sọ pé ọkọ̀ àwa Faransé ọ̀rẹ́ yín fẹ́ ti èbúté yín lọ jagun?"

Àwọn èrò tó kún ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Filadẹ́fíà, ní Amẹ́ríkà, pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin náà ti wọ̀ wọ́n lójú pátápátá. Caleb, alábòójútó èbúté, dúró láàárín wọn tòun ti àkẹtẹ̀ dúdú lórí. Ìjọ Ọ̀rẹ́, ìjọ Kristẹni kan, ló ń lọ. Wọn kì í ṣí fìlà fún ọba, wọn kì í búra, wọn kì í fọwọ́ kan ìbọn, "ìwọ" ni wọ́n sì ń pe àgbà àti ìjòyè.

"Delorge, mi ò ní kí o búra," ló wí. "Ṣé ọkọ̀ yẹn máa ṣí kí ìjọba wa tó fọwọ́ sí i? Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń bá aṣojú sọ̀rọ̀!" ni ẹnì kan pariwo. "Ẹrú Gẹ̀ẹ́sì! Ṣí àkẹtẹ̀ ẹ, jàre!"

Delorge rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún búra mìíràn. "Bẹ́ẹ̀ kọ́" ò jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ara Caleb ò balẹ̀. Ó ti fojú ara rẹ̀ rí ìbọn ńláńlá tí wọ́n fi koríko bò, tí wọ́n ń kó wọnú ọkọ̀ náà. Ìjọba sì ti kéde pé Amẹ́ríkà ò ní gbè sẹ́yìn Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń bá ara wọn jagun. Bí ọkọ̀ yẹn bá lọ kó ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lójú òkun, ara ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó wà lọ́dọ̀ wọn ni Gẹ̀ẹ́sì máa ti gbẹ̀san. Amos, ọmọ kan ṣoṣo tí Caleb bí, wà nínú ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan ní èbúté Lọ́ńdọ̀nù.

Ó gba ọ̀dọ̀ Lemuel Strode lọ, ọ̀gá àwọn ológun ìlú. Iléèwé kan náà ni wọ́n jọ lọ.

"Lemuel, ọkọ̀ yẹn máa lọ."

"Ṣebí ó ti búra?"

"Ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń sọ òótọ́, kí ló ń búra fún?"

Strode rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ìjọ Ọ̀rẹ́ yìí, ẹ ò ní pa mí!" Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. "Mo gbà ọ́ gbọ́. Mo lè to ìbọn sí erékùṣù ìsàlẹ̀ odò. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ náà ò bá dúró, a máa yìnbọn lù ú ni, èèyàn á sì kú. Ìwọ lo wá bẹ̀ mí. Ṣé kí n yìnbọn?"

Caleb rántí Amos. Ó tún rántí àwọn ọmọ Faransé tí wọ́n ń kọrin lórí ọkọ̀ náà, tí wọn ò ju Amos lọ lọ́jọ́ orí.

"Jẹ́ kí n gbọ́ ti Olúwa ná."

"Tètè gbọ́ o. Omi odò ò ní pẹ́ẹ́ fà."

Caleb lọ jókòó sílé ìsìn, ó dákẹ́ bí ìjọ wọn ṣe máa ń dákẹ́, ó ń retí kí Ẹ̀mí bá òun sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, omi ti fà, ọkọ̀ náà sì ti bá a lọ.

Deborah ìyàwó rẹ̀ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Strode ránṣẹ́ wá pé òun bi ọ́ ní ìbéèrè. Kí lo sọ?"

"Mi ò tíì sọ nǹkan kan." Ojú tì í gan-an. "Delorge ló tàn wá jẹ, Deborah."

"Mi ò bi ọ́ nípa Delorge," ni Deborah wí. "Òun kọ́ ni bàbá Amos."