Ohun Tí Mo Ń Rí Lẹ́nu Abẹ

N kò ní tàn yín: ẹ̀rù abẹ ń bà mí, bẹ́ẹ̀ abẹ ni mo fi ń jẹun. Onígbàjámọ̀ ni mí. Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́, inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo sì wà títí dòní: àga kan, díńgí kan, bẹ́ńṣì kan fún àwọn tó ń dúró.

Ọ̀sán gangan ọjọ́ kan ni ẹ̀rù náà bẹ̀rẹ̀. Mo gbé abẹ sí ọ̀fun oníbàárà kan, mo sì rí i kedere bíi pé ó ti ṣẹlẹ̀: ọwọ́ mi yọ̀, ẹ̀jẹ̀ tú jáde, aṣọ funfun tí mo so mọ́ ọn lọ́rùn di pupa. Mo yára gbé abẹ kúrò. Nígbà tí mo fi máa wojú rẹ̀, ọkùnrin náà ń sùn ní tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀fun tí mo kọjú sí tí n kò ní kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Nínú iṣẹ́ wa, onígbàjámọ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ẹni tó wà lórí àga á máa gbọ́. Àwọn èèyàn rò pé òfófó ló ń dà wá láàmú. Rárá o. Bí a bá ń sọ̀rọ̀, oníbàárà á dákẹ́, gògóńgò rẹ̀ á sì dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti pa mí lẹ́nu mọ́. Bí mo ṣe dákẹ́, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lábẹ́ abẹ. Bíríkìlà kan ń ro ẹjọ́ ìyàwó rẹ̀ fún mi, gògóńgò rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Mo ní kó máa lọ, pé abẹ mi kò mú mọ́. Ó gbé irùngbọ̀n apá kan lọ sílé, ó ń bú mi lọ.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, nọ́ọ̀sì ni, mo sì ròyìn ohun tí mo ń rí fún un.

"Mo máa pa èèyàn," mo ní. "Ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀."

"Kí lo máa ń ṣe tí àwòrán yẹn bá dé?"

"Mo máa ń lé e."

"Ṣé ó máa ń lọ?"

"Ó máa ń lọ kó àwọn ẹbí ẹ̀ wá ni."

Ó rẹ́rìn-ín, inú bí mi. "Má lé e mọ́. Fi òmíràn rọ́pò ẹ̀. Tí o bá ti rí ẹ̀jẹ̀, kí o rí ọkùnrin yẹn tó dìde, tó ń wo díńgí, tó ń fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́."

Mo gbìyànjú rẹ̀. Ẹ gbà mí! Ọkùnrin inú orí mi dìde lóòótọ́, ó wo díńgí, ó fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn gba àárín ìka rẹ̀. Mo sáré lọ bomi sójú lẹ́yìn ilé, mo sì pe ẹ̀gbọ́n mi.

"Ìwọ lo dá ìyẹn sílẹ̀ lọ́kàn ara ẹ," ó ní. "Ohun tó ṣẹlẹ̀ rí ni kí o lò, èyí tí ojú ẹ rí gan-an."

Mo wá a títí. Ọ̀fun tí mo ti fá pọ̀ lọ súà, n kò rántí ẹyọ kan. Ta ló ń rántí ohun tó lọ bó ṣe yẹ?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi wọlé, ó jókòó sórí àga, ó gbé àgbọ̀n sókè. Ó ti gbọ́ pé mo ń lé oníbàárà.

"Fá mi."

Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Mo so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn, mo fi ọṣẹ pa á lágbọ̀n àti lọ́rùn. Awọ ọrùn rẹ̀ ti hunjọ, àfi kí n fi àtàǹpàkò nà án kí n tó lè fá a. Mo rí ẹ̀jẹ̀. Mo rí bàbá mi tó ṣubú láti orí àga, mo rí ẹ̀gbọ́n mi tó ń sáré bọ̀, mo rí ara mi tó dúró tòun ti abẹ lọ́wọ́. Mo fá apá òsì láìmí.

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?" Bàbá béèrè.

Gògóńgò rẹ̀ mì. Abẹ kàn án. Ẹ̀jẹ̀ yọ.

Mo ń retí kó tú. Kò tú. Ó dúró síbẹ̀ nínú ọṣẹ funfun, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí i pé mo ń dúńbú èèyàn. Lónìí, ẹ̀yin ni."

Bàbá mi kò dìde. Ó na ọwọ́ mú òwú, ó rì í sínú sipírítì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn, ó pòṣé. Ó wò mí nínú díńgí.

"Ẹni tó bá fẹ́ pa èèyàn, ọwọ́ ẹ̀ kì í gbọ̀n báyìí. Apá ọ̀tún ṣì kù."

Ó tún gbé àgbọ̀n sókè, ó sì di ojú.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, n kò ní purọ́. Mo gbé abẹ, àwòrán náà sì dé tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀. N kò lé e. Mo gbé ohun tí ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ka iwájú rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, òwú, àgbọ̀n bàbá mi tó tún ń lọ sókè fún mi. Àwòrán náà padà wá, mo tún gbé e ka iwájú rẹ̀. Òógùn ń kán láti imú mi sórí aṣọ funfun náà, mo sì ń fá a lọ díẹ̀díẹ̀.

Bàbá mi kò la ojú títí mo fi parí.