Ẹ̀yìnkùlé Àlàájì Àmúdà

Òórùn oògùn tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá ló kọ́kọ́ pàdé Mùíbátù níta, kó tó sọ ẹrù àgbàdo orí rẹ̀ kalẹ̀. Ó sáré gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá sí ẹ̀yìnkùlé. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Àwọn àpò dúdú tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́, tí omi aláwọ̀ àlùkò ń ro lára wọn, kò sí mọ́. Yanrìn tuntun ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, wọ́n sì ti fi ọwọ̀ gbá a títí ó fi ń dán.

Àtinúkẹ́ aránṣọ, ará Ìkirè tí yàrá rẹ̀ dojú kọ tirẹ̀, nu òógùn ojú, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Rùfáì, ẹ kú ọjà. A ti bá yín tún un ṣe o. Àlàájì ló pè wá jáde lẹ́yìn ìrun àsùbáà. A yí gbogbo ẹ̀ sínú kòtò amọ̀ tó wà níbí, a da yanrìn bò ó. Ojú ò ní tì yín lọ́dọ̀ ìjọba."

Mùíbátù fẹ́ bú sẹ́kún, ó tún fẹ́ bú Àtinúkẹ́, kò sì lè ṣe ọ̀kankan. Ta ni yóò bú? Níbo ni wọ́n ti ń gbọ́ pé wolé-wolé ń bọ̀ tí èèyàn kò ní di ọwọ̀ mú? Láti kékeré la ti mọ̀ ọ́n: bó bá ti wọ àdúgbò, ká da omi àmù nù, ká gbá gọ́tà, ká ti ewúrẹ́ mọ́lé. Tanwíjí kan ṣoṣo ti gbé ìyá arúgbó dé kóòtù rí. Ìfẹ́ ni wọ́n fi gbá ilẹ̀ náà, ìyẹn gan-an ló wá dun Mùíbátù jù.

Nítorí òun fúnra rẹ̀ ló pe wolé-wolé. Ilé iṣẹ́ kan tó ń pa aṣọ láró lẹ́bàá títì márosẹ̀ ló ń rán lọ́rì wá da ìdọ̀tí síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, bí ẹni pé akítàn ìlú ni. Ọdún kẹta tí ìjọba gbé ètò Sáàpù dé, tí gbogbo nǹkan gbówó lórí, ni. Wọ́n ti dá Ọláńrewájú ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó ti lọ ń dáko ní Ìgbẹsà. Ògì Mùíbátù ni ilé ń jẹ. Kànga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àpò náà ló fi ń rẹ ògì. Láti bí oṣù méjì ni ògì ọ̀hún ti ń mú àwọ̀ tí ògì kì í ní, àwọn oníbàárà sì ti ń fọgbọ́n yà lọ́nà. Bí òjò bá fi lè dé bá ìdọ̀tí náà níbẹ̀, kànga ti bàjẹ́ nìyẹn, ilé ò sì ní rí oúnjẹ jẹ mọ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló lọ sí káńsù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ní kó jókòó, tó jókòó títí wọ́n fi ti ọ́fíìsì. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba, ló ń sọ fún ara rẹ̀. Ìgbà tó yá ni wọ́n ránṣẹ́ pé wolé-wolé yóò wá ní Ọjọ́bọ̀. Òní sì ni Ọjọ́bọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣótúndé, wolé-wolé náà, gun kẹ̀kẹ́ dé nígbà tí oòrùn ti mú. Kakí rẹ̀ gún régé, ìwé ńlá wà lábíyá rẹ̀. Ó wo gọ́tà, ó wo ṣáláńgá, ó kan sáárá.

"Ẹ̀yìnkùlé yìí dára o. Ká ní gbogbo Ojú-Ọrẹ rí báyìí ni."

Inú àwọn ayálégbé dùn. Àlàájì Àmúdà, lánlọ́ọ̀dù wọn, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, rẹ́rìn-ín músẹ́ lórí àga rẹ̀.

"Ọ̀gá, wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ ni," ni Mùíbátù wí. "Ó wà níbí lánàá."

"Ìyáàfin, ohun tí ojú mi bá rí nìkan ni mo lè kọ."

Mùíbátù wọlé, ó mú ọkọ́ jáde. Kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ó ń ṣá yanrìn náà, ó ń wà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá Rùfáì, iṣẹ́ àárọ̀ wa!" ni Àtinúkẹ́ ké.

Mùíbátù tún gbé ọkọ́ sókè. Kò pẹ́ tí ọkọ́ fi ya àpò kan, òórùn sì tú jáde tí gbogbo wọn fi dí imú. Orúkọ ilé iṣẹ́ náà wà lára àpò gàdàgbà.

Ṣótúndé bẹ̀rẹ̀, ó kà á. Nígbà tó dìde, inú rẹ̀ kò dùn rárá.

"Ta ló ni ilẹ̀ yìí?"

Àwọn ayálégbé wo Àlàájì.

"Ẹ jẹ́ kó yé yín," ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Onílé ni òfin ọwọ́ mi mọ̀. Ibi tí mo bá ti bá ìdọ̀tí, onílẹ̀ ibẹ̀ ni mo ń fún ní sámáǹsì. Mi ò lè wọ géètì ilé iṣẹ́ yẹn. Mo débẹ̀ lọ́dún tó kọjá, máígáàdì ní kí n lọ gbàwé wá láti Abẹ́òkúta. Mo kọ̀wé. Mo ṣì ń retí èsì."

Mùíbátù náà wo Àlàájì. Ilẹ̀ Àlàájì ni. Àlàájì tó sọ Rùfáì ọmọ òun lórúkọ, tó gbẹ́ kànga náà kí òun àti ọkọ òun tó mọ Ọ̀tà. Òun Mùíbátù ló wá fọwọ́ ara rẹ̀ hú ẹjọ́ jáde fún un yìí. Ó kúnlẹ̀ sórí yanrìn.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ má kọ ọ́. A ó tún bò ó padà."

Àlàájì ní kí Àtinúkẹ́ fa òun dìde. Ó rìn dé etí kòtò, ó wo inú rẹ̀ pẹ́.

"Tó o bá fún mi ní sámáǹsì, níbo ni mo máa lọ?"

"Kóòtù ni, Bàbá."

"Adájọ́ á ní kí n sọ̀rọ̀?"

"Á ní kí ẹ sọ tẹnu yín."

"Wọ́n á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Dandan ni kí wọ́n kọ ọ́."

Àlàájì mi orí. "Kọ orúkọ mi. Àpò yẹn, èmi ni n ó gbé e dání lọ."

"Àlàájì, wọ́n lè tì yín mọ́lé o!" ni Àtinúkẹ́ wí.

"Kí wọ́n tì mí. Ìtìjú ni mò ń sá fún láàárọ̀ tí mo ní kí ẹ gbá a. Àṣé kì í ṣe ìtìjú tèmi."

Ṣótúndé tẹ́ kábọ̀nù sábẹ́ ìwé, ó ń kọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò yá. Mùíbátù dìde, ó gbọn yanrìn eékún rẹ̀, ó ń wo bírò náà bó ṣe ń rìn.

"Ọ̀gá," ó ní, "ẹ kọ tèmi náà. Èmi ni mò ń lo kànga, èmi náà á sọ tẹnu mi."

Wolé-wolé gbójú sókè, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó ṣí ewé mìíràn.

"Kí lorúkọ yín, Ìyáàfin? Kí lorúkọ bàbá yín?"

Mùíbátù wo ewé tuntun náà. Gbogbo ìgbà tó fi jókòó ní káńsù gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í ní orúkọ; ìgbà tó di ẹni tí wọ́n ń fún ní sámáǹsì ni wọ́n ń bi í. Ó pe orúkọ méjèèjì fún un, díẹ̀díẹ̀, kó lè kọ ọ́ dáadáa.