Àga Bàbá

Orí fóònù ni mo ti rí Ìyáàfin Rẹ̀mílẹ́kún, tó ń gba àwọn tí ọkàn wọn gbọgbẹ́ nímọ̀ràn. Mo fẹ́ dárí ji bàbá mi tó kú, kí àdúrà ọjọ́ kẹjọ wọn tó pé. Nígbà tí ìyá mi kú ní Iresi, bàbá mi ò jẹ́ kí n kúrò ní Ìlá lọ sin ín.

Ìyáàfin náà, tó ń wò mí lójú fóònù, ní, "Fáòsíátù, gbé àga bàbá rẹ síwájú. Sọ ohun tó dùn ọ́, bí ẹni pé wọ́n jókòó síbẹ̀."

Kí n tó mọ̀, mo ti kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

Ìyáàfin náà ní, "Dìde, ọmọ mi. Ìwọ lo ní ẹ̀sùn."

"Mà, wọn ò tíì ní kí n dìde."

Mo bú sẹ́kún níwájú àga òfìfo.