Ara Tí Kò Bá Omi Lọ

Kò sí ẹni tó wá gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ Màmá Moríkẹ́ ní Mahintedo, ìlú orí omi, tí kò ní kọ́kọ́ jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi. Bó jẹ́ ẹ̀yìn ló ń dùn ọ́, bó jẹ́ ọrùn ló gan, Màmá á ní kó o wọ ọkọ̀ kékeré tó so mọ́ òpó ilé rẹ̀, á wá máa fi ẹsẹ̀ mi ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Kò ní bi ọ́ léèrè ohunkóhun. Yóò kàn máa wò ọ́ bí omi ṣe ń gbé ọ lọ, tó ń gbé ọ bọ̀. Ara tó dá ṣáṣá a máa bá omi lọ. Ibi tí kò bá bá omi lọ, ibẹ̀ ni ọwọ́ Màmá àti àdín ń lọ.

"Màmá, ìbàdí ló ń dùn mí," Kọ́lájọ apẹja ké lọ́jọ́ kan, "ẹ wá ń tẹ ọrùn ẹsẹ̀ mi!"

"Pa ẹnu dé bí ẹja tútù. Bí èèyàn méjì bá jà, ta ló ń ké? Ṣebí ẹni tí wọ́n lù ni. Ẹni tó lù ú ti dákẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń ṣe bí ẹni mímọ́. Òun ni mò ń wá."

Nígbà tí Kọ́lájọ dìde, ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ sẹ́yìn, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Rhoda, ọmọ ọmọ Màmá, ti rí irú rẹ̀ láìmọye ìgbà, síbẹ̀ kò yé yà á lẹ́nu.

Ìgbà náà ni iná àwọn awapo, àwọn tó ń wa epo rọ̀bì, ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú lójú òkun, tí àwọn ọ̀dọ́ ń wá iṣẹ́ lọ síbẹ̀. Rhoda ní tòun kọ́. Ó ti gbọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn láti fi ọwọ́ lásán tọ́jú egungun àti iṣan, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní ọsitiópátì. Àṣé ohun tí Màmá ń ṣe lórí omi, ayé ti kọ ọ́ sínú ìwé! Ó lọ. Ọdún mẹ́rin ló fi ń ka egungun ara, igba ó lé mẹ́fà, títí tó fi ń pe orúkọ wọn lójú oorun.

Ìdánwò àṣekágbá wá dé. Wọ́n mú aláìsàn kan jókòó síwájú rẹ̀. Rhoda di ẹnu, ó na ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fìdí rẹmi.

"O ò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo," Mísísì Hátì, àgbà olùkọ́ wọn, wí. "Bó bá ní àìsàn tí ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ kàn ńkọ́?" Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré kó tún ìdánwò náà ṣe. Bí ìyẹn náà bá bọ́, ilé yá, láìsí ìwé ẹ̀rí.

Rhoda pe Màmá lórí fóònù. Ó ń retí kí ìyá náà bá òun bú òyìnbó.

"Wọ́n jàre," ni Màmá wí.

"Màmá! Ẹ̀yin náà kì í béèrè kẹ̀?"

"Kí ni n óò béèrè? Ìdajì Mahintedo, èmi ni mo gbẹ̀bí wọn. Mo mọ ọjọ́ tí Kọ́lájọ fẹsẹ̀ há sínú ọkọ̀. Ìwọ, ta lo mọ̀ níbẹ̀?"

Rhoda mú ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbéèrè sílẹ̀.

Nígbà ìdánwò kejì, Ọ̀gbẹ́ni Bẹ́nẹ́tì ni wọ́n mú wá, bàbá arúgbó tó fi ọgbọ̀n ọdún wa bọ́ọ̀sì. Ìbàdí ló ń dùn ún. Rhoda béèrè, ó béèrè, ìwé kún.

"Ṣé ẹ ti ṣubú rí?"

"Rárá o."

Ó tẹ ìbàdí náà yíká, kò rí nǹkan kan. Aago ń lọ. Gègé Mísísì Hátì ń họ ìwé. Ẹni tí wọ́n lù ló ń ké. Ẹni tó lù ú dà? Ọkọ̀ Màmá náà sì rèé, ó wà lókè òkun!

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ṣé mo lè mì yín díẹ̀?"

"Máa mì mí lọ jàre. Ìyàwó mi ní igi ni mí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi."

Ó gbé ọwọ́ kan lé e láyà, ó gbé èkejì lé e lẹ́yìn, ó ń mì ín bí omi ṣe máa ń mi ọkọ̀ lábẹ́ ilé. Èjìká bá a lọ. Ìbàdí bá a lọ. Ṣùgbọ́n lápá òsì, egungun ìhà mẹ́ta dúró gbagidi bí ọkọ̀ tó há sínú ẹrẹ̀. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé wọn, kò tẹ̀ wọ́n, ó kàn ń dúró de èémí. Nígbà tí bàbá mí èémí keje, nǹkan yí padà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ìgbà tí ẹja ńlá bá yí nísàlẹ̀ omi.

"Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀ níbí?"

"Níbẹ̀? Kò sí…" Ojú rẹ̀ là. "Àkàbà! Mo jábọ́ lórí àkàbà lọ́dún tí a bí ọmọbìnrin wa. Ó ti tó ogójì ọdún!"

Ẹnu ti gbàgbé, egungun ò gbàgbé. Mísísì Hátì gbé gègé sílẹ̀, ó wá gbé ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Rhoda. Egungun tó ti há fún ogójì ọdún ń lọ, ó ń bọ̀. Rhoda wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ṣe é bíi kó bọ́ bàtà, bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà ìjọ aláṣọ funfun nílé, nítorí ilẹ̀ mímọ́ ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí èsì jáde, ó pe Mahintedo. Ó ti ròyìn Ọ̀gbẹ́ni Bẹ́nẹ́tì fún Màmá láti ọjọ́ ìdánwò.

"Màmá, mo yege! Mo lè ṣiṣẹ́ níbí báyìí!"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Bàbá yẹn ńkọ́? Ṣé ó ń rí oorun sùn?"

Rhoda ò tíì béèrè ìyẹn. Ó ní kí Màmá má bínú, òun á tún pè. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ béèrè.