Ohùn Màmá Kọ́kọ́rọ́

Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti darúgbó ṣáájú rẹ̀. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá dáhùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àlejò á bẹ̀rẹ̀ sí í kí i bí ẹni ń kí ìyá àgbà, títí ilẹ̀kùn á fi ṣí, tí wọ́n á rí ọmọ tí kò tí ì pààrọ̀ eyín. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Ìgbà tó dàgbà, ohun tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn náà ló di ohun tó ń fún un lóúnjẹ. Olóhùn ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ohùn sí fíìmù tí wọ́n ṣe ní èdè ẹlòmíràn. Wọ́n á gbé e sínú yàrá kótópó kan tí wọ́n fi fóòmù bo ara ògiri rẹ̀, fíìmù á máa lọ níwájú rẹ̀ láìdún. Nígbà tí ẹnu eléré bá là, tirẹ̀ náà gbọ́dọ̀ là. Nígbà tó bá pa dé, kó pa tirẹ̀ dé. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ yẹpẹrẹ ni, kó lọ gbìyànjú kó fi ẹnu ẹlòmíràn sunkún.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn ń gbé ìwé ìtàn àtijọ́ kan jáde ní fíìmù ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìwé òkèèrè ni, èyí tí wọ́n ti na àwọn òbí wa ní pàṣán nílé ìwé nítorí pé wọn ò kà á. Opó olówó kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń so ìdì kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìbàdí, tí kò sì fẹ́ràn ìyàwó ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ó ti ìyàwó náà síta tòun ti ọmọ ọwọ́, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn. "Ilé yìí ò gbà ọ́" ni gbogbo ohun tó sọ. Àwọn òǹwòran sọ obìnrin náà ní Màmá Kọ́kọ́rọ́. Ohùn Olóhùn ni wọ́n fi sí i lẹ́nu.

Kò pẹ́ tí "Ilé yìí ò gbà ọ́" fi di ọ̀rọ̀ ìgboro. Awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ kún á fi lé èrò, ẹni tí ajá yọ́ wọlé rẹ̀ á fi lé ajá. Àwọn tó ti ka ìwé náà ń bínú lórí rédíò pé nínú ìwé obìnrin yẹn ga, kí ló dé tí ti fíìmù fi kúrú. Àwọn tí kò kà á ní kí wọ́n lọ gbé ìwé wọn sùn. Kò sẹ́ni tó mọ ojú Olóhùn. Ẹnu rẹ̀ ló ń kó bá a. Ó fẹ́ ra tòmátì, obìnrin tó ń tà á ń rẹ́rìn-ín sí i dáadáa títí ó fi bèèrè iye owó. Ẹ̀rín wọlé, obìnrin náà sì ní òun ò tà mọ́. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́ ní kó jọ̀wọ́ dákẹ́, pé bí òun bá ń gbọ́ ohùn yẹn, ọwọ́ òun lè ṣì í gún. Olóhùn ń lọ sílé, ó ń dá rẹ́rìn-ín. Bí iṣẹ́ ẹni bá lè bí àwọn èèyàn nínú tó báyẹn, iṣẹ́ ọ̀hún dára nìyẹn.

Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló pa ẹ̀rín náà mọ́ ọn lẹ́nu. Ọkùnrin yìí ń tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣàì ní òórùn ọṣẹ. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó mú Olóhùn lọ rí ìyá rẹ̀ ló tó jẹ́wọ́ ohun tó ti ń gbé mì. Nígbà tí òun wà lọ́mọ ọwọ́, ó ní, ìyá bàbá òun ti ìyá òun síta. Bàbá òun ń wò, kò sọ nǹkan kan. Ìyá òun pọn òun lọ, ó kọ́ iṣẹ́ aṣọ títúnṣe, ó sì dá tọ́ òun. Ìyá bàbá òun dàgbà, ó dàgbà, ó kú. Kò ránṣẹ́, kò bẹ̀bẹ̀. Ní báyìí, bí ó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìyá òun á pa iṣẹ́ tì, á jókòó ti tẹlifíṣàn, á sì máa bá Màmá Kọ́kọ́rọ́ jà lójúkojú.

"Ìyá mi ń retí kí obìnrin yẹn bẹ ìyàwó ọmọ rẹ̀ kí fíìmù tó parí," ni ọkùnrin náà wí. "Bí wọ́n bá gbọ́ ohùn rẹ, wọn ò ní gbà ọ́. Mo mọ̀ wọ́n."

Olóhùn náà mọ ọkùnrin yìí. Kì í ṣe ẹni tó lè fẹ́ obìnrin tí ìyá rẹ̀ kọ̀; ìyá yẹn nìkan ló ní láyé. Bí ìyá bá ní rárá, ó parí nìyẹn. Ó tún mọ ohun mìíràn tí kò lè sọ jáde: ó ti gba ohùn apá ìkẹyìn fíìmù náà sílẹ̀, ó sì mọ ohun tí Màmá Kọ́kọ́rọ́ sọ níbẹ̀ àti ohun tí kò sọ.

Wọ́n jọ rò ó sókè, wọ́n rò ó sódò, ọgbọ́n àgbọ́njù ni wọ́n rí dá: wọ́n ní kí ọ̀fun máa dun Olóhùn, kó má baà sọ̀rọ̀.

Ìyá Síìpù ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá náà. Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Síìpù oríṣiríṣi àwọ̀ rọ̀ lára ògiri, ṣòkòtò tí wọ́n fẹ́ gé kúrú kọ́ sórí okùn pẹ̀lú àmì ẹfun lẹ́sẹ̀, tẹlifíṣàn sì wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ojú rẹ̀ ti lè tó o láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ní ọ̀fun ń dun ẹni tí òun mú wá, Ìyá Síìpù fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó ní kí ọmọbìnrin náà lanu. Ó fi iná fóònù wo ọ̀fun tí kò ṣe nǹkan kan, ó wò ó dáadáa, ó sì ní ó ti pọ́n kọjá bó ṣe yẹ. Ó bá ọmọ rẹ̀ wí pé kí ló dé tó ń gbé aláìsàn káàkiri. Ó se ata ilẹ̀ pẹ̀lú oyin, ó dúró ti Olóhùn títí ó fi mu ún tán. Ó rí i pé síìpù síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ń ya, ó bá ní kó bọ́ ọ, ó fún un ní ìró kan kó ró, ó sì pààrọ̀ síìpù náà lójú ẹsẹ̀.

"Mo fẹ́ràn ọmọ tó bá mọ ẹnu ún pa dé," ló sọ bó ṣe ń rán an. "Àwọn tòde òní yìí, ẹnu ló ń pa wọ́n."

Ojú ti Olóhùn débi pé kò mọ ibi tó máa wò. Ó ti wá wá ìfẹ́ ìyá yìí, ó sì rí i, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni wọ́n ń fún. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Ìyá Síìpù ní kó padà wá ní Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n jọ wo ìparí fíìmù. Lójú ọ̀nà, inú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ dùn, ó ní kí àwọn kọ́kọ́ ṣègbéyàwó, àwọn á sọ òótọ́ fún ìyá òun lẹ́yìn náà. Olóhùn bi í bóyá títí ayé ni ọ̀fun á máa dun òun.

Ní Ọjọ́bọ̀, Oníbúrẹ́dì tó ń tajà lódìkejì ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó dé, òun àti oníbàárà kan tó ní òun wá gba ṣòkòtò. Oníbúrẹ́dì ti ka ìwé náà nígbà tó wà nílé ìwé, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ó ní Màmá Kọ́kọ́rọ́ ò ní bẹ ẹnì kankan, pé inú ìwé lòun ti kà á. Ìyá Síìpù ní ìwé ọjọ́sí nìyẹn. Bí wọ́n bá lè gé obìnrin gíga kúrú, ó ní, kí ló dé tí wọn ò lè mú un bẹ̀bẹ̀?

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Màmá Kọ́kọ́rọ́ ń kú lọ lórí ibùsùn, kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ wọlé, ọmọ ọwọ́ àná ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Ìyá Síìpù fa àga rẹ̀ sún mọ́ tẹlifíṣàn. Ní igun yàrá, Olóhùn ti mọ ibi tí èémí máa já kó tó já, ó sì ń fẹ́ kí iná lọ.

"Ẹ pa fèrèsé dé," ni Màmá Kọ́kọ́rọ́ wí, "òtútù ń mú mi."

Ó kú. Orin bẹ̀rẹ̀, orúkọ àwọn eléré ń kọjá.

Oníbúrẹ́dì ní òun ti wí tẹ́lẹ̀. Ìyá Síìpù fa ṣòkòtò kan sórí itan, ó ń wá ibi tó rán an dé, kò rí i. "Ọ̀rọ̀ kan péré," ló wí, kò sì wo ẹnikẹ́ni. "Ẹni tó ti ń kú lọ. Kí ni ì bá ná an?" Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ṣòkòtò oníṣòkòtò.

Olóhùn ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ẹ má sunkún mọ́, mà," ló sọ.

Ó jáde kedere, ohùn náà gan-an tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lórí tẹlifíṣàn. Oníbúrẹ́dì kọ́kọ́ wo tẹlifíṣàn, kó tó wá wo ọmọbìnrin náà. Ìyá Síìpù ò tètè yíjú. Ó ní kí Oníbúrẹ́dì àti oníbàárà máa lọ sílé, wọ́n sì lọ. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ máa ṣàlàyé, ìyá náà ní kó dákẹ́, pé òun ò bá a sọ̀rọ̀.

"Ọ̀fun ńkọ́?" ló bi Olóhùn.

"Kò dùn mí, mà. Irọ́ ni a pa fún yín."

"Gbogbo ohun tí obìnrin yẹn ń sọ látọjọ́ yìí, ìwọ lò ń sọ ọ́?"

"Èmi ni, mà."

Olóhùn mú báàgì rẹ̀. Ó mọ ohun tó kàn. Àìmọye ìgbà ló sọ "Ilé yìí ò gbà ọ́" nínú yàrá kótópó kí ó tó tẹ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́rùn, kò sì rò ó rí bó ṣe ń dún létí ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ní báyìí, òun náà máa gbọ́ ọ. Ẹ̀rù bà á, ó sì dùn ún.

"Ta ló ní kí o lọ?" ni Ìyá Síìpù wí. Ó fọwọ́ tẹ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà. "Èyí tí wọn ò jẹ́ kí obìnrin yẹn sọ, ṣé o lè sọ ọ́?"

Ó yé Olóhùn. Kò sí fíìmù níwájú rẹ̀, kò sí ẹnu ẹnikẹ́ni tó máa tẹ̀ lé. Ó kúnlẹ̀ láàárín òwú àti ègé aṣọ, ó sì jẹ́ kí ohùn náà wá bó ṣe ń wá.

"Ìyàwó mi," ló sọ, "mo tì ọ́ síta, ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ. O kan ilẹ̀kùn títí, mo gbọ́. Má rò pé mi ò gbọ́. Ìwà ìkà ni mo hù sí ọ. Mo bẹ̀ ọ́, má bínú sí mi."

Ìyá Síìpù ti di ojú, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìgbà tó máa dáhùn, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ bí ti ìyàwó tuntun níwájú àgbà.

"Mo gbọ́, mà," ló wí. "Ó pẹ́ kí ẹ tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́."

Ó nu ojú. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà, tí kò mọ̀ bóyá kóun wọlé tàbí kóun jáde.

"Kí lò ń wò?" ló bi í. "Fa ìyàwó rẹ dìde, ilẹ̀ tutù."