Owó Aláta

"Festus, ṣé o wá ta káàdì ni àbí o wá gbààwẹ̀?"

Adémọ́lá oníbúlọ́ọ̀kù ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì gbá tábìlì débi pé owó orí ẹ̀ fò. Festus da káàdì méjì ọwọ́ ẹ̀ dé ilẹ̀. Ìgbà keje tó ń yọwọ́ láàárọ̀ yẹn nìyẹn.

Sátidé ìmọ́tótó ni. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ rìn ní Ìkọ̀lé títí di aago mẹ́wàá. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Adémọ́lá, òun, Festus àti Kúnlé ti gbé ṣọ́bìrì àti ìgbálẹ̀ ti ògiri, kí ẹni tó bá yọjú lè rò pé gọ́tà ni wọ́n ń kó. Pókà ni wọ́n ń ta: káàdì méjì lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, márùn-ún láàárín fún gbogbo wọn, ẹni tí tiẹ̀ bá lágbára jù ló ń kó owó.

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún péré ló wà níwájú Festus, owó iṣẹ́ bíríkìlà tó ṣe kẹ́yìn kí òjò tó dé. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tí owó ẹ̀ kéré láàárín àwọn tó ń fọ́n owó ká kì í bá wọn fọ́n ọn. Á jókòó bí àpò sìmẹ́ńtì ni, títí káàdì gidi á fi dé, á wá kó gbogbo ẹ̀ síta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ata ni Adérónkẹ́ ìyàwó ẹ̀ ń lọ̀ lọ́jà. Ẹ́ńjìnnì ìlọta náà ti ń wúkọ́ láti oṣù tó kọjá. Ọjọ́ Ajé ló máa gba àjọ ẹ̀ láti ra tuntun, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló sì kù kówó náà pé. Festus ti fọwọ́ sọ àyà: "Fìyẹn sílẹ̀ fún mi." Kò sọ ibi tó ti máa rí i. Ṣé á ní pókà ni, òun tó kúnlẹ̀ níwájú pásítọ̀ lóṣù Kẹrin pé òun ò ní fọwọ́ kan káàdì mọ́ láéláé?

Kúnlé ló pín káàdì. Kúnlé alájọ ni, òun ló ń gba owó lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà lójoojúmọ́, báàgì iṣẹ́ ẹ̀ kì í sì í kúrò léjìká.

Festus yọjú wo tiẹ̀. Áàsì méjì, káàdì tó ga jù.

"Gbogbo ẹ̀," ó wí, ó sì ti ẹgbẹ̀rún márùn-ún síwájú.

"Háà! Òkú dìde!" Adémọ́lá ju iye kan náà sí i. "Mi ò tiẹ̀ tíì wo káàdì mi."

"Èmi náà wà ńbẹ̀," ni Kúnlé wí. "Ṣebí owó lásán ni!"

Méje yọ láàárín. Méje kejì tẹ̀ lé e. Mẹ́sàn-án. Kúnlé fò sókè, ó ṣí ọwọ́: méje kan, méjì kan. Méje mẹ́ta! Ó ki ijó mọ́lẹ̀, báàgì ń gbá a nídìí. "Bíríkìlà, máa lọ po sìmẹ́ńtì!" Kíńgì yọ, kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Festus ti mú fìlà, ó ti dìde tán, kí Adémọ́lá tó ṣí èyí tó kẹ́yìn.

Áàsì kẹta.

Ẹsẹ̀ kan ni Kúnlé fi dúró.

Festus ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí. Ó tún yọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń fara da yẹ̀yẹ́, kí kíńgì méjì tó wọlé. Ó tún ti gbogbo ẹ̀ síta. Adémọ́lá sá. Owó àpò Kúnlé ti tán, ló bá ki ọwọ́ bọ báàgì, ó fa ìdì owó kan yọ, ó ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sílẹ̀.

"Èmi kì í sá fún bíríkìlà."

Mẹ́rin àti jákì ló fi ń ṣe gbogbo ariwo yẹn! Káàdì márùn-ún láàárín, kò sí èyí tó gbè é.

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n. Festus gbá owó mọ́ra, ó fọwọ́ nu òógùn ojú.

"Yéè! Ojú mi o!"

"Ayọ̀ ló ń pa á," Adémọ́lá ń rẹ́rìn-ín. Ó lọ bu omi wá fún un.

Festus gbé owó náà súnmọ́ imú. Etí owó náà pọ́n. Òórùn ata rodo. Ọdún mọ́kànlá tó ti gbé Adérónkẹ́ níyàwó, kò sí ọṣẹ tó bọ́ òórùn yẹn kúrò níka ẹ̀ rí. Àwọn èyí tó wà lábẹ́ ń rùn bí ẹja gbígbẹ. Ti Sàmíát ẹlẹ́ja nìyẹn, ẹni tí ìsọ̀ ẹ̀ kángun sí ti Adérónkẹ́.

"Kúnlé. Owó ìyàwó mi nìyí."

"Lọ́jọ́ Ajé, gbogbo ẹ̀ á ti padà."

"Ṣí báàgì yẹn."

Kúnlé ṣí i. Káàdì àjọ ló kún inú ẹ̀, orúkọ obìnrin kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Igba náírà méjì ló wà nísàlẹ̀.

"Festus, fara balẹ̀. Tó o bá tú àṣírí mi, wàá sọ ibi tó o ti rí mi. Pásítọ̀ yín náà á gbọ́. Mú ọgbọ̀n ẹ lọ, sọ pé o ṣiṣẹ́ ni. Ta ló máa mọ̀?"

Láti àárọ̀ ni Festus ti ń fi Kúnlé rẹ́rìn-ín nínú pé kò mọ owó ná. Ó wá yé e báyìí ìdí tí ẹ̀rù kì í fi í bà á: owó olówó ló ń ná. Owó ìyàwó òun lòun fi gbogbo ọgbọ́n yẹn jẹ.

Lẹ́yìn tí aago mẹ́wàá lù, ó délé. Adérónkẹ́ ń gbá ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá Ìdùnnú, kí ló ṣe yín lójú?"

Ó gbé owó lé e lọ́wọ́. Kí Adérónkẹ́ tó kà á, ó gbé e sí imú.

"Níbo lẹ ti rí owó mi?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu Festus, irọ́ tó dán: ilé olókè kan ní Ọ̀yẹ́, wọ́n san án ṣáájú. Ó wo obìnrin náà pẹ̀lú ojú kan tó ṣẹ́ kù. Ó sọ ti pókà. Ó sọ ti Kúnlé. Ó sọ ti báàgì.

Adérónkẹ́ fara ti ìgbálẹ̀ gbọ́ ọ tán. Kò pariwo. Ó tún ìró ẹ̀ ró.

"Ó yá. A ó kọ́kọ́ ya ulé Sàmíát, ká tó re ulé Kúnlé. Ẹnu ara ẹ lo máa fi sọ ọ́ níwájú gbogbo wa."

"Pásítọ̀ ńkọ́?"

"Ọ̀la kọ́ ni Sọ́ńdè?"

Festus bu omi láti fọ ojú. Ó wo omi náà, ó dà á nù, ó sì tẹ̀ lé ìyàwó ẹ̀ pẹ̀lú ata lójú.